Ta Ló Ni Òṣùpá Inú Àwòrán?

 

Lónìí mo fẹ́ kí a jọ ronú lórí ìbéèrè kan. Nígbà tí ènìyàn púpọ̀ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan, ta ló ni iṣẹ́ náà? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni? Ṣé ẹni tí ó làágùn lórí rẹ̀ ni? Àbí ẹni tí ó náwó sí i?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú oko, ó wà nínú ọjà, ó wà nínú ẹgbẹ́, ó wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀, ìjà lè dé kí ọ̀rọ̀ tó tán. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wò ó níbi tó jìnnà, ní ilẹ̀ Jàpáànì, nínú àwòrán òṣùpá tí wọ́n fi pákó tẹ̀. Bí a bá ti rí òtítọ́ níbẹ̀, a ó mú un padà wá sílé.

Àwòrán náà

Ẹ fi ojú inú wo odò kan ní alẹ́. Òṣùpá ti yọ. Ó rí róbótó, ó wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, lẹ́yìn ẹ̀ka igi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ẹ̀ka igi náà sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí omi, ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ. Igi ìdáná ló kó sínú ọkọ̀ náà. Ọkùnrin mìíràn dúró lórí àwọn igi tí a so pọ̀, òun náà ń bá omi lọ. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ó jọ pé iṣẹ́ ọjọ́ ti tán, tí ó sì rẹ̀ wọ́n.

Seba ni orúkọ ibẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó 69 tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń sinmi lójú ọ̀nà Kisokaidō. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó gba àárín àwọn òkè kọjá láti ìlú Edo dé ìlú Kyoto. Edo yìí ni wọ́n ń pè ní Tokyo lónìí. Láàrin ọdún 1835 sí ọdún 1842, ayàwòrán méjì, Keisai Eisen àti Utagawa Hiroshige, pín àwọn ibùdó náà láàrin ara wọn, wọ́n sì ya wọ́n. Hiroshige ló ya ti Seba.

Edo ni wọ́n bí Hiroshige sí, ní ọdún 1797. Iṣẹ́ panápaná ni bàbá rẹ̀ ń ṣe fún ààfin Edo. Ní ọdún 1809, ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ náà kú, ọmọ náà sì jogún iṣẹ́ panápaná. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Utagawa Toyohiro. Títí ó fi kú ní ọdún 1858, ó ya òjò, ó ya yìnyín, ó ya òṣùpá, débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó.

Bí ẹ bá bi ẹni tó mọ̀ nípa àwòrán pé, “Ta ló ṣe òṣùpá Seba yìí?” yóò dá yín lóhùn pé, “Hiroshige ni.” Orúkọ Hiroshige ló sì wà lára àwòrán náà lóòótọ́. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kò pé.

Àwọn ènìyàn mẹ́rin

Ẹni kìíní ni onísọ̀. Òun ló ń ta àwòrán. Òun ló ń wo ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ rà, òun ló ń pe ayàwòrán, òun ló sì ń san owó gbogbo àwọn tó kù. Bí àwòrán náà kò bá tà, òun ló jẹ gbèsè. Àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe ti ọba nìkan. Owó tí ènìyàn fi lè jẹ abọ́ oúnjẹ kan lójú pópó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ra ọ̀kan. Nítorí náà, tálákà náà lè ní òṣùpá lára ògiri rẹ̀.

Ẹni kejì ni ayàwòrán. Ó fi tàdáwà dúdú ya àwòrán sórí tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fa ìlà odò, ó fa ìlà igi, ó yí ìlà òṣùpá po. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sílẹ̀.

Ẹni kẹta ni agbẹ́gi. Ó mú pákó igi líle kan tí wọ́n ń pè ní sakura. Ó dojú tákàdá ayàwòrán dé orí pákó náà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà náà ni ó wá mú ọ̀bẹ. Gbogbo ibi tí kò sí ìlà ni ó gbẹ́ dànù, kí ìlà nìkan lè yọ sókè. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí agbẹ́gi ti ń gbẹ́ igi lọ, bẹ́ẹ̀ ni tákàdá ayàwòrán ń parun lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi parí, ohun tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà kò sí mọ́. Ohun tí ọ̀bẹ agbẹ́gi dá sí nìkan ló kù. Kò sì tán síbẹ̀. Bí àwọ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, ó lè gbẹ́ pákó tó tó mẹ́wàá, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó tún máa ń gbẹ́ àmì kékeré sí igun pákó kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ kan má bàa yẹ̀ sórí èkejì.

Ẹni kẹrin ni atẹ̀wé. Ó fi omi tu tákàdá lára díẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ta àwọ̀ sórí pákó, ó tẹ́ tákàdá lé e. Lẹ́yìn náà, ó mú ohun pẹlẹbẹ kan tó rí róbótó, tí wọ́n fi okùn oparun ká inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ewé oparun wé e. Ó fi í ra ẹ̀yìn tákàdá, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, títí àwọ̀ fi wọnú tákàdá. Àwọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, pákó kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ọwọ́ atẹ̀wé yìí náà ló ń mú kí ilẹ̀ ṣú nínú àwòrán. Ẹ̀yin náà ti rí ojú ọ̀run ní alẹ́ òṣùpá. Òkè dúdú bí aró, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sún mọ́ ilẹ̀, ó ń fúyẹ́, ó ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé ló ń fi aṣọ tútù nu àwọ̀ lórí pákó, tí yóò jẹ́ kí ó ki lápá kan, kí ó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì. Bí yóò bá tẹ igba àwòrán, ìgbà igba ni yóò nu ún.

Lẹ́yìn àwọn mẹ́rin yìí, ẹ tún rántí àwọn tó sè èèpo igi tí wọ́n fi ṣe tákàdá. Ẹ rántí àwọn tó po àwọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1830, àwọ̀ aró kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́pọ̀ nínú àwọn àwòrán Jàpáànì. Òun ló mú kí odò àti ọ̀run wọn dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pò ó kò mọ Hiroshige, òun náà kò mọ̀ wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe òṣùpá?

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé wọ́n ń fi àwọ̀ funfun kun òṣùpá ni. Rárá o. Nínú púpọ̀ nínú irú àwòrán yìí, òṣùpá funfun kò ní àwọ̀ kankan. Tákàdá lásán ni.

Ayàwòrán yí ìlà po, kò sì fi nǹkan kan sí àárín rẹ̀. Agbẹ́gi gbẹ́ ibẹ̀ jinlẹ̀ lára pákó ojú ọ̀run, kí aró má lè dé ibẹ̀. Atẹ̀wé fi aró yí i ká, ó sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ̀kán kan má bàa kán sí i. Bí ẹ̀kán kan bá kán sí i, òṣùpá ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá rò ó wò. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán náà ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn. Kò sí ẹni tó ṣe òṣùpá náà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dá a sí. Bí ẹnì kan péré nínú wọn kò bá dá a sí, kò ní sí òṣùpá.

Ká ní wọ́n rojọ́

Ká ní a pe àwọn mẹ́rin yìí wá síwájú àwọn àgbà, kí olúkúlùkù wá sọ ìdí tí òṣùpá náà fi jẹ́ tirẹ̀. Báyìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wọn yóò rí.

Ayàwòrán yóò sọ pé: “Èmi ni. Inú orí mi ni òṣùpá náà ti kọ́kọ́ yọ. Bí n kò bá rò ó, kí ni agbẹ́gi ì bá gbẹ́?”

Agbẹ́gi yóò ní: “Òótọ́ ni, o rò ó. Ṣùgbọ́n èrò kò ṣeé gbé kọ́ ara ògiri. Tákàdá rẹ ti kú sábẹ́ ọ̀bẹ mi. Ìlà tí ayé ń rí, ìlà tèmi ni.”

Atẹ̀wé yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní: “Ẹ gbé pákó yín kọ́ ara ògiri, kí a wò ó bóyá òṣùpá yóò yọ. Èmi ni mo mú òru wá. Níbi tí kò bá sí òru, ta ló ń wo òṣùpá?”

Onísọ̀ yóò ní: “Ta ló san owó pákó? Ta ló san owó tákàdá? Ta ló bọ́ yín? Pákó náà wà nínú ilé mi títí di òní. Èmi ni mo ni ín.” Òótọ́ sì ni ó sọ, nítorí pé ní ayé ìgbà náà onísọ̀ ló máa ń ni pákó.

Ta ni ẹ máa dá láre nínú wọn? Ohun tí olúkúlùkù sọ, òótọ́ ni. Àṣìṣe wọn wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí gbogbo wọn fi ṣáájú: “Èmi.”

Ẹni tó fẹ́ dá a ṣe

Ẹnì kan lè sọ pé, “Kí ẹnì kan ṣe gbogbo rẹ̀, kí ìjà tán.” Èyí náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1904, ọmọ Jàpáànì kan tí ń jẹ́ Yamamoto Kanae ṣe àwòrán apẹja kan. Òun ló yà á, òun ló gbẹ́ pákó rẹ̀, òun náà ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán púpọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ délẹ̀.

Èmi kò bá wọn jà. Ó ń gba ọkàn akin kí ènìyàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Yamamoto ti kọ́ iṣẹ́ gbígbẹ́ igi lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó rọ ọ̀bẹ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n má jẹ́ kí àṣà àtijọ́ kú. Onísọ̀ kan wà ní Tokyo tí ń jẹ́ Watanabe Shōzaburō. Ó tún kó ayàwòrán, agbẹ́gi àti atẹ̀wé jọ. Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀ ni Kawase Hasui, ẹni tó fẹ́ràn òru àti òjò bíi Hiroshige. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, iná sì jó ìlú náà. Sọ̀ọ̀bù Watanabe jó pẹ̀lú pákó àti àwòrán inú rẹ̀. Àwọn ìwé tí Hasui ti ń ya àwòrán sí fún ọdún púpọ̀ jó pẹ̀lú.

Kí ló kù? Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ló kù: ìmọ̀ ayàwòrán, ìmọ̀ agbẹ́gi, ìmọ̀ atẹ̀wé. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, wọ́n tẹ àwòrán òṣùpá Magome, níbi tí òṣùpá kíkún ti yọ lẹ́yìn àwọn igi gíga. Orúkọ Hasui ni wọ́n fi ń pè é káàkiri ayé.

Orúkọ náà ní ẹrù

Ẹ má rò pé mo ń bú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́. Orúkọ kì í jẹ iyì nìkan, ó máa ń jẹ ìyà pẹ̀lú. Ní ọdún 1804, àwọn aláṣẹ Edo mú ayàwòrán kan tó lókìkí gan-an, Kitagawa Utamaro. Wọ́n ní ó ya ohun tí òfin kò gbà. Wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ fún 50 ọjọ́. Àmì orúkọ tó mú un gbayì náà ló mú wàhálà wá bá a.

Nítorí náà, ó dára kí orúkọ ẹnì kan wà lára iṣẹ́, kí a lè mọ ẹni tí a ó bi bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ilé tí kò ní olórí kì í pẹ́ dahoro.

Ṣùgbọ́n èrò mi nìyí. Orúkọ tó wà lára iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣe, gbèsè ni. Ẹni tó ń jẹ orúkọ náà jẹ àwọn tó kù ní gbèsè. Kò pọn dandan kí ó fún wọn ní ìdajì iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín, ó gbọ́dọ̀ lè yíjú padà, kí ó sọ pé, “Èmi nìkan kọ́. Lágbájá ló gbẹ́ ẹ, tàmẹ̀dù ló tẹ̀ ẹ́.” Ní ayé Hiroshige, ìgbà díẹ̀ ni orúkọ agbẹ́gi máa ń hàn lára àwòrán. Ti atẹ̀wé tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn lo ọjọ́ ayé wọn ní fífi aṣọ tútù nu òru, òru náà dára, a kò sì mọ orúkọ wọn mọ́ láéláé. Ìyẹn dùn mí.

Mo wá padà sílé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi dùn mí. Èmi náà ti jẹ irú gbèsè yìí.

Ní ọdún kan, àwọn àlejò wá wo kíláàsì wa ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dìde, wọ́n kàwé níwájú wọn, kò sì sí ẹni tó kọsẹ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé wọn, wọ́n ní mo ṣe iṣẹ́ takuntakun.

Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà kan wà nínú kíláàsì náà. Ó ti tètè mọ ìwé ju àwọn tó kù lọ. Ní alaalẹ́, kí n tó dé, ó ti jókòó ti àwọn tí kò lè di bíìkì mú. Ó máa ń fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ wọn mú, wọn yóò sì jọ kọ a, wọn yóò jọ kọ b. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ì bá ti sá lọ nítorí ìtìjú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú èmi àti ìyá yìí ṣe mẹ́rin. Ó yẹ kí n dárúkọ rẹ̀. Ẹnu mi kò wúwo, ahọ́n mi kò sì so. Mo kàn dákẹ́ ni, nítorí pé ìyìn náà dùn mọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá, ó jókòó sẹ́yìn, kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Mo ní, “Ìyá, ẹ kò ràn wá lọ́wọ́ lónìí?” Ó ní, “Olùkọ́, ọwọ́ ló ń dùn mí.” Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ló ń dùn ún.

Oṣù méjì kọjá kí n tó dìde níwájú gbogbo kíláàsì, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, kí n sì sọ ohun tí mo jẹ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. Ó sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tó máa ń dì lọ́wọ́ mú ti fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà náà. Títí di òní, wọn kò padà wá. Gbèsè tí mo jẹ, àwọn ló san án.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìfàsẹ́yìn méjì ló wà. Àwọn ará Jàpáànì fa ọwọ́ sẹ́yìn kí òṣùpá lè mọ́. Ìyẹn dára. Èmi fa ẹnu sẹ́yìn kí orúkọ ẹlòmíràn má bàa yọ. Ìyẹn kò dára. Ti àkọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Tèmi pa ìmọ́lẹ̀.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ, ẹ rántí pé orúkọ tiyín nìkan kọ́ ni ẹ kọ́ láti kọ. Ẹ mú bíìkì yín. Ẹ rò nípa iṣẹ́ kan tí wọ́n ti yìn yín fún rí. Ta ló gbẹ́ ẹ fún yín? Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ta ló náwó sí i? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣì wà láàyè, ẹ gbé ìwé náà lọ bá a, kí ẹ kà á sí i létí.